Dongle Wi-Fi ń tan iná, ṣùgbọ́n Linux Mint mi ò rí Wi-Fi kankan

MàmáÀdùnní · Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, ilé ni mo sì ti máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo ra desktop tòkunbọ̀ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa ló bá mi fi Linux Mint 21 sí i dípò Windows. Wáyà ló fi so ó mọ́ router lọ́jọ́ náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lọ geere. Ó ti padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Router 4G wa wà ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà wà ní yàrá, wáyà yẹn ò sì gùn tó.

Mo wá lọ ra dongle Wi-Fi kékeré kan, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣáà ki í bọ ihò USB, ó máa ṣiṣẹ́. Mo ki í bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ tàn, àwòrán síídì kan sì yọ sójú desktop. Mo ṣí i, fáìlì .exe kan péré ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń yan Wi-Fi, kò sí orúkọ kankan. Mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo ti tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ nìdánwò bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè kíláàsì mẹ́ta ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ náà.

ỌmọỌjàÀgbẹ́kẹ̀lé · Ọjọ́rú, 8:58 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ padà sí Windows. Mo lo Linux fún bí oṣù mẹ́ta nígbà kan, ọ̀rọ̀ Wi-Fi yìí gan-an ló lé mi kúrò. Iṣẹ́ yín kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Kóòdù_Ṣakí · Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Kò tó yíyọ Linux kúrò. Ẹ wá orúkọ dongle yẹn lórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ẹ ó rí ẹni tó ti kọ driver rẹ̀ (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) síbẹ̀. Ẹ dà á sílẹ̀, ẹ fi sudo (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà) ṣe é, ó parí.

Atúnǹkanṣe · Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ohunkóhun kún un, ẹ má sì tíì yọ ohunkóhun kúrò. @Kóòdù_Ṣakí, àbúrò, mo mọ̀ pé ire lo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ irú chip tó wà nínú dongle yẹn. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kì í sábà sọ ọ́. Èèyàn kì í fi sudo ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí a ò mọ̀ nígbà tí a ò tíì mọ ohun tí a ń wá.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín mà tó mú mi jókòó dáadáa: àwòrán síídì yẹn. Àwọn dongle kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ ihò USB, síídì ni wọ́n ń pe ara wọn, kí Windows lè rí driver kà nínú wọn. Tí driver bá ti wọlé tán, á ní kí wọ́n bọ́ aṣọ síídì sílẹ̀, wọ́n á wá di Wi-Fi. Lórí Linux, bí kò bá sí ohun tó ní kí wọ́n bọ́ ọ, síídì ni wọ́n á máa jẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmọ́ ìméfò ni èyí ṣì jẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ èsì wọn síbí. Èkíní á ka ohun tó wà lára USB, èkejì á ka ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta á sọ bóyá wọ́n ti Wi-Fi pa, ẹ̀kẹrin á sọ nọ́ńbà kernel, ìyẹn ọkàn Linux:

`lsusb`
`ip link`
`rfkill list`
`uname -r`

Tí ẹ bá rí nọ́ńbà gígùn tó jọ aa:bb:cc:dd, ẹ bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. MAC nìyẹn, ìdánimọ̀ ẹ̀rọ yín ni, kò yẹ kó wà níta.

MàmáÀdùnní · Ọjọ́rú, 10:12 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá mi. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà, mo ń dà á kọ.

Nínú lsusb, ìlà tó ń yọ tí mo bá ki dongle bọ̀ ọ́, tó sì ń lọ tí mo bá yọ ọ́ nìyí:

`ID 0bda:1a2b Realtek Semiconductor Corp. … (Driver CDROM Mode)`

ip link kọ `lo` àti `enp3s0`, kò kọ òmíràn. rfkill kò kọ nǹkan kan rárá. Uname kọ `5.15.0-41-generic`.

Atúnǹkanṣe · Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́

Yíyọ tí ẹ yọ ọ́ tí ẹ tún fi wo ìlà tó ń lọ yẹn, ọ̀nà tó dára jù lọ láti fi dá ẹ̀rọ mọ̀ nìyẹn. Ẹ wo ìparí ìlà náà: *Driver CDROM Mode*. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nínú nọ́ńbà 0bda:1a2b, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni àmì ẹni tó ṣe chip náà, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ohun tó ń pe ara rẹ̀ lásìkò yìí. rfkill kò rí nǹkan kọ nítorí pé kò tíì sí rédíò kankan lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ pé Wi-Fi wà ṣùgbọ́n ẹnìkan ti tì í pa, `Soft blocked: yes` lẹ máa rí.

Ẹ tẹ àwòrán síídì yẹn pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún mouse, ẹ yan Eject. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tún tẹ:

`lsusb`
`lsusb -t`

MàmáÀdùnní · Ọjọ́rú, 10:34 alẹ́

Ó ti yí padà! 1a2b ti lọ, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni `0bda:c811`, wọ́n kọ `802.11ac NIC` sí i. Nínú lsusb -t, mo rí `Vendor Specific Class, Driver=, 480M`. Ṣùgbọ́n Wi-Fi kò tíì yọjú o.

Atúnǹkanṣe · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Iná lọ lọ́dọ̀ wa lálẹ́ àná, ẹ má bínú.

Ẹ wo `Driver=` yẹn, òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ti rí àlejò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ilé. Ìdí rẹ̀ wà nínú uname tí ẹ fi hàn mí. Kernel 5.15 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Chip c811 yìí wà nínú ìdílé tí driver rtw88 ń bójú tó, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ti USB nínú ìdílé náà kò wọ inú Linux àfi nínú kernel 6.2, oṣù kejì ọdún 2023. Mint 21 yín ti jáde ṣáájú ìgbà náà. Dongle yín kò bàjẹ́, Linux yín kò sì ṣàìsàn. Kernel yín ló dàgbà ju driver tí dongle náà nílò lọ.

Nítorí náà, kernel tuntun la nílò, a ò nílò driver láti ojúde. Èyí tó wà nínú kernel ti ní òǹtẹ̀, Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní já sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ṣe update. Èyí tí a bá fọwọ́ ara wa kọ́ ni ó máa ń kú lọ́jọ́ tí kernel bá yí padà, tí èèyàn á tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa fi gbà á ńkọ́? Ẹ lo fóònù yín. Wáyà tí ẹ fi ń gba iná sí i, ẹ fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Settings fóònù náà, ẹ tan USB tethering. Mint á rí i bíi wáyà lásán, kò ní béèrè driver. Ẹ rí i pé data tó wà nínú fóònù tó, nítorí ohun tí a fẹ́ gbà lé ní ọgọ́rùn-ún megabyte. Kí ẹ wá tẹ:

`sudo apt update`
`sudo apt install usb-modeswitch linux-generic-hwe-22.04`

usb-modeswitch ni yóò máa bá yín bọ́ aṣọ síídì yẹn kúrò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, nítorí Eject tí ẹ ṣe lálẹ́ àná kò ní sí mọ́ tí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe é nígbà tí iná bá ń ṣe ségesège o. Bí iná bá lọ láàárín kí kernel wọlé, wàhálà míì nìyẹn. Tí ẹ bá ní inverter, ẹ gbé e sórí rẹ̀.

Bí kernel tuntun bá kọ̀ láti dìde, ẹ má fòyà. Ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ di Shift mú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tàn (Esc ni lórí àwọn míì), ẹ yan Advanced options, ẹ ó rí 5.15 níbẹ̀.

Kóòdù_Ṣakí · Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ohun tí ẹ sọ nípa driver tó ń kú yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé dongle ló bàjẹ́. Mo fẹ́ béèrè: tó bá di pé 1a2b kò yí padà lẹ́yìn usb-modeswitch ńkọ́?

Atúnǹkanṣe · Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀

Kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pàṣẹ fún un:

`sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b`

K yẹn ló dà bí ìgbà tí a tẹ Eject. W kàn ní kó máa sọ ohun tó ń ṣe ni.

Ìbádàn_Laptop · Ọjọ́bọ̀, 12:20 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Laptop ni tèmi, Wi-Fi inú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu. Ṣé kí n ṣe kernel tuntun náà?

Atúnǹkanṣe · Ọjọ́bọ̀, 12:41 ọ̀sán

Rárá, ẹ má tíì ṣe é. Ti inú laptop kì í sábà hàn nínú lsusb, `lspci -nnk` lẹ máa lò. Ẹ wá ìlà Network controller, kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Tó bá jẹ́ 14e4:4365, Broadcom BCM43142 ni, `sudo apt install bcmwl-kernel-source` ni oògùn tirẹ̀. Òun wà lára àwọn tí a ń kọ́ sórí kernel láti ìta, nítorí náà bí Secure Boot bá wà lójúfò, á ní kí ẹ dá password kan sílẹ̀, ẹ ó sì rí ojú búlúù kan nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Ẹ yan Enroll MOK, ẹ tẹ password náà. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ojú búlúù yẹn kọjá, wọ́n á wá ní driver ò ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà yín bá yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìjíròrò tiyín lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ ìyá wa má bàa lọ́ pọ̀ mọ́ tiyín.

MàmáÀdùnní · Ọjọ́bọ̀, 9:25 alẹ́

Ẹ bá mi yọ̀! Uname ti di 6.8. Mo tan kọ̀ǹpútà, síídì kò yọ mọ́, orúkọ router wa àti ti àwọn ará ilé kejì tò sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Mo tẹ password, ó wọlé. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, ọ̀gá mi. Àdùnní ti ń wo ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ níbẹ̀.

MàmáÀdùnní · Ẹtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo tún padà wá. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń já. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á já, á sì padà fúnra rẹ̀. Mo ń fi fáìlì kan ránṣẹ́ lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní data ló fẹ́ tán.

Atúnǹkanṣe · Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ data lóòótọ́, a ò ní jiyàn, a máa wò ó ni. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yín ń gbà: láti kọ̀ǹpútà dé router, àti láti router dé ìta. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó ń já. `ip route` á fi nọ́ńbà router hàn yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ *default via*. Ẹ ṣí terminal méjì, ẹ fi ọ̀kan máa kan router yẹn lára, ẹ fi èkejì kan ìta, ní àkókò kan náà:

`ping -c 900 192.168.8.1`
`ping -c 900 1.1.1.1`

(Ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò ti òkè yẹn.) Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí router bá ń dáhùn tí ìta kò dáhùn, data tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Linux ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, inú yàrá yín níbẹ̀ la máa wá a. Tó bá ti já, ẹ tẹ:

`journalctl -b -u wpa_supplicant | tail -n 20`
`iw dev`

MàmáÀdùnní · Ẹtì, 8:15 alẹ́

Àwọn méjèèjì dákẹ́ pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìlà tó ń padà wá nínú journalctl:

`CTRL-EVENT-DISCONNECTED … reason=4 locally_generated=1`

Orúkọ tí iw dev pè é bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wlx, nọ́ńbà gígùn ló tẹ̀ lé e, mo ti bò ó bí ẹ ṣe sọ.

Atúnǹkanṣe · Ẹtì, 8:40 alẹ́

*locally_generated=1*: kọ̀ǹpútà yín ló fà á já fúnra rẹ̀, router kọ́ ló lé e. Ó ń retí ohùn router, kò gbọ́ ọ, ó bá jáwọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn, bóyá oorun ń kùn ún, bóyá ariwo ń bẹ létí rẹ̀. A máa wo oorun lákọ̀ọ́kọ́. Mint máa ń ní kí Wi-Fi sinmi láti fi dín iná kù, ìyẹn sì dára fún laptop. Desktop tó wà lójú iná kò nílò rẹ̀:

`nmcli connection modify "ORÚKỌ-WIFI-YÍN" 802-11-wireless.powersave 2`

2 ni "má sinmi", 3 ni "sinmi". Ẹ já Wi-Fi, ẹ tún un so. Ẹ má ṣe ohun mìíràn lálẹ́ yìí. Tí a bá yí nǹkan méjì pọ̀, tó bá sàn, a ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

ỌmọOkùn_Peckham · Ẹtì, 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ láti London. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Ẹni tí wọ́n bá fi dongle ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà, kó máa wo channel router rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà rédíò tí Wi-Fi ń gbà. Tèmi rí Wi-Fi gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n kò rí tiwa. Channel 13 ni router wa wà, wọn kì í sì í sábà lo 12 àti 13 ní Amẹ́ríkà. Mo gbé router sí channel 11, ó yọ lójú ẹsẹ̀.

MàmáÀdùnní · Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Ó ti sàn púpọ̀. Láti àná, ẹ̀ẹ̀kan péré ló já, ìgbà tí mo ń kó fáìlì sínú hard disk ìta ni. Mo tún un ṣe láàárọ̀ yìí láti dán an wò, ó tún já ní kété tí disk yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì wà, ihò wọn tẹ̀ léra, aláwọ̀ búlúù ni inú ihò náà.

Atúnǹkanṣe · Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀

Ariwo yẹn lẹ ti mú yẹn! Ihò búlúù ni USB 3.0. Bí dátà bá ń sáré kọjá nínú rẹ̀, ó ń da ariwo rédíò sílẹ̀ tó dé orí ìgbì rédíò 2.4 GHz, orí ibẹ̀ náà sì ni Wi-Fi router yín ń sọ̀rọ̀. Intel tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2012. Dongle tó kéré bí èékánná, tó wà ní ìka kan sí disk, tí irin kọ̀ǹpútà tún dí i lójú, kí ló fẹ́ gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ tẹ `iw dev` pẹ̀lú orúkọ wlx yín àti `link` lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ìlà *signal*. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wáyà extension USB tó tó mítà kan, ẹ ki í bọ ihò dúdú níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ fi dongle sí orí rẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹ tún wo signal. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe súnmọ́ òdo ló ṣe dára tó: -50 dára púpọ̀, -80 ti fẹ́ máa kú lọ.

Ẹ tún fi `nmcli device wifi list` wo abẹ́ CHAN, kí a mọ iye àwọn ará àdúgbò tí ẹ jọ wà lórí channel kan náà.

MàmáÀdùnní · Àbámẹ́ta, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ní ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, -74. Lórí tábìlì, -53! Èmi tí mo rò pé wáyà gígùn á mú un burú sí i.

Channel 6 ni tiwa, àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà ní 1, mẹ́ta wà ní 11.

Atúnǹkanṣe · Àbámẹ́ta, 4:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wọ inú router láti ojú browser pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi ping yẹn, ẹ gbé e sí 1. Ẹ má yan 3 tàbí 4 bí ẹ tilẹ̀ rí i pé ó ṣófo. Channel kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ààyè rẹ̀ lọ, ẹni tó bá dúró sí àárín 1 àti 6, ariwo àwọn méjèèjì ló máa gbọ́.

MàmáÀdùnní · Àìkú, 7:05 alẹ́

Mo ti ilé ìjọsìn dé, mo kó fáìlì sí disk, mo sì jẹ́ kí ping máa lọ nígbà tí ó ń kó o. 900 ló fi ránṣẹ́, 900 ló padà, *0% packet loss*. Ìbéèrè kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ní òun rí i gbà.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin gbogbo tí ẹ dá sí i. @Atúnǹkanṣe, ìbéèrè kan ló kù: mo fi sẹ́lótéèpù lẹ dongle mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí pálọ̀, kí àwọn ọmọ má bàa gbá a ṣubú. Ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan?

Atúnǹkanṣe · Àìkú, 7:20 alẹ́

Kò ní ṣe é ní nǹkan mà. Ẹ ṣáà má fi téèpù bo orí rẹ̀ pátá, nítorí ó máa ń gbóná, kí ẹ sì rí i pé òjò ò lè ta sí i láti ojú fèrèsé yẹn. Ẹ kú oríire, kí àwọn ọmọ náà yege.